Èémí-Gígùn, Akọrin Tó Kú Títí Tí Màmá Ò Fi Fẹ́ Wo Fíìmù

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́, aládùúgbò àti ẹ̀yin òṣèré tẹ́ ẹ wá bá wa dárò, a dúpẹ́ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú èyí san án fún yín.

Lọ́dún 1958 ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wa. Bàbá ń lẹ táyà, màmá wa ń ránṣọ níwájú ilé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé níbi tí wọ́n bá ti ń lẹ táyà, báàfù omi kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ri túùbù bọ̀, kí wọ́n lè rí ibi tó ti ń jò. Inú omi yẹn ni ẹ̀gbọ́n wa máa ń ki orí bọ̀ láti kékeré, wọ́n á sé èémí títí oníbàárà á fi máa pariwo. Bàbá á wo omi, omi ò ní hó rárá. Bàbá á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, eléyìí ò jò." Bí wọ́n ṣe di Èémí-Gígùn nìyẹn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́dún 1964. Ká má parọ́ mọ́ òkú, ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé, orin ló ń wọlé. Nínú kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo èèyàn bá ti ṣe àmín tán tí wọ́n ti jókòó, ẹ̀gbọ́n wa á ṣì wà lórí àmín tiwọn. Pásítọ̀ á dúró, á máa wo aago.

Lọ́dún 1984, wọ́n ya fídíò orin wọn àkọ́kọ́ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan. Kí wọ́n rọra rì pẹ̀lú aṣọ funfun ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n rì lóòótọ́, wọn ò sì tètè jáde. Ẹni tó ń ya fídíò ní, "Ó ti kú o," ló bá bẹ́ sómi tòun ti kámẹ́rà. Ẹni tí ò lè lúwẹ̀ẹ́! Ẹ̀gbọ́n wa ló fà á jáde. Nígbà tó pọ omi tán, ó ní, "Àǹtí, èmi ló yẹ kí n yọ yín o." Wọ́n ní, "Má bínú, ká tún un ṣe." Kámẹ́rà yẹn ò yè é, àmọ́ ọkùnrin yẹn yè é. Lọ́dún 1986, ó di ọkọ wọn.

Fídíò yẹn ló kó wọn dé ìdí fíìmù. Ṣé ẹ mọ̀ pé òkú inú fíìmù máa ń mí? Àyà á máa lọ sókè sódò. Ti ẹ̀gbọ́n wa kì í mí. Bí gbogbo olùdarí ṣe ń pè wọ́n kí wọ́n wá kú nìyẹn. Ejò bù wọ́n jẹ, ọkọ fún wọn ní májèlé, wọ́n jábọ́ látorí àtẹ̀gùn. Àwọn èèyàn á máa kí wọn lójú títì pé, "Àǹtí, ẹ mà kú dáadáa lánàá."

Gbogbo ayé ló ń wò wọ́n, àfi Màmá. Màmá ní, "Mi ò ní fojú mi rí òkú ọmọ, kódà nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ tó o bá ṣe èyí tó o wà láàyè dé ìparí, kó o pè mí." Ọ̀rọ̀ yìí dun ẹ̀gbọ́n wa gan-an. Wọ́n á bẹ àwọn olùdarí pé, "Ẹ jẹ́ n yè nínú eléyìí." Àwọn yẹn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá yè, ta ló máa kú fún wa?"

Ẹ dúró ná, mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé ti pósí. Wọ́n wà nínú pósí lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó ń ṣe ọmọ wọn ń fi orin tí ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn kọ sunkún, ló bá gbé e ga jù. Òkú yanu nínú pósí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, sọ ohùn yẹn kalẹ̀." Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ ò padà lọ́jọ́ yẹn. Látìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n wa ti ṣòfin: ohun yòówù tí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní dìde, àfi tí àbúrò wọn tó ń tọ́jú aṣọ wọn bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, tó ní, "Àǹtí mi, ó ti tán, ẹ dìde."

Nígbà tó di 1997, Màmá ti ń darúgbó. Ẹ̀gbọ́n wa ní àwọn ò kú mọ́. Wọ́n jókòó sílé fúngbà pípẹ́, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Àfìgbà tí olùdarí ọjọ́ pósí yẹn wá, ó ní òun ti rí i ṣe: gbogbo èèyàn inú fíìmù náà ló máa kú, ẹ̀gbọ́n wa nìkan ló máa ṣẹ́kù. Màmá wá wò ó ní pálọ̀ wa. Tí ẹ̀gbọ́n wa bá ti wúkọ́ nínú ẹ̀ báyìí, Màmá á fìrọ̀rí bojú. "Ṣé ó ti kú?" "Rárá, Màmá." Nígbà tó parí, Màmá gbé ìrọ̀rí sílẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Àmọ́ kí ló dé tó o fi jẹ́ kí gbogbo àwọn tó kù kú?" Wọ́n ní ká tún ìparí ẹ̀ fi han àwọn. Lọ́dún 2003, Màmá lọ, ọmọ ló sin wọ́n. Ẹ bá wa ṣe àmín.

Ní ti àdúgbò, ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ẹ̀gbọ́n wa máa ń kọ́ àwọn aláboyún bí wọ́n ṣe ń mí ní ilé ìgbẹ̀bí. Aláboyún kan kọ́kọ́ sá fún wọn, ó ní òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin Àǹtí.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọkọ wọn, ọmọ mẹ́ta, ìyẹn nọ́ọ̀sì, kápẹ́ńtà àti àbíkẹ́yìn tó ń kọrin, àwọn ọmọ-ọmọ, tí èyí tó kéré jù nínú wọn ti ń ki orí bọ báàfù, a sì ń ṣọ́ ọ, pẹ̀lú àbúrò wọn tó ń tọ́jú aṣọ wọn, òun náà ló ń kọ èyí.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n sùn, ilẹ̀ mọ́, wọn ò jí. Nígbà tá a pe àwọn èèyàn, ẹnì kan bi wá pé fíìmù ta ni. Ọkọ wọn jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àyà wọn. A ní ká pe dókítà, ó ní, "Ẹ má kánjú. Mo ti ṣe àṣìṣe yìí rí." Àbúrò wọn wá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, ó ní, "Àǹtí mi, ó ti tán, ẹ dìde." Ó tún un sọ. Ìgbà yẹn ni ọkọ wọn tó fi aṣọ bo ojú wọn.

Àǹtí wa, ẹ ṣeun, iṣẹ́ ti tán. Tí kọ́áyà bá gbé orin yín ga jù lónìí, ẹ dákun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ kí Bàbá àti Màmá. Ẹ sinmi dáadáa, Èémí-Gígùn.