Bíírò Tí Mo Fún Ilẹ̀

Leah ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara ń le, ṣé ariwo Èkó kò tíì dí ọ létí? Olúwa tó dá òkun dúró sí àyè rẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀. Gbogbo wa ní Kankon wà dáadáa, àfi Zinsu àbúrò mi tí ojú ń tì, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

O rántí pé Zinsu ní ká gé àwọn igi akásíà tí ìyá rẹ gbìn kó tó dolóògbé, ká fi tíìkì rọ́pò wọn bíi ti oko tirẹ̀, torí pé akásíà kò so èso, kò sì ṣeé là ní pákó. Ìwọ náà fọwọ́ sí i lórí fóònù. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara, mi ò kàn sọ ni.

Àfi bí Dámisọ́lá, olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn kan láti Otto, ṣe wá bu ilẹ̀ abẹ́ akásíà wa sínú ọ̀rá kan, tó bu ti abẹ́ tíìkì Zinsu sínú òmíràn, tó ní òun ń lọ ṣe ìdánwò fún wọn. Àyà mi já, torí ilẹ̀ wa kò lọ iléèwé rí. Mo yáa rọra ki bíírò bọ inú ọ̀rá tiwa, mo sì gbàdúrà sí i. Zinsu rí mi, ó ní màgòmágó ni mò ń ṣe, mo ní kóun náà lọ wá bíírò tirẹ̀.

Èsì ti dé o, ilẹ̀ ìyá rẹ yege! Dámisọ́lá ní gbòǹgbò akásíà ní kókó wẹ́wẹ́ tó ń gba oúnjẹ fún ilẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, ewé rẹ̀ tó ń jábọ́ náà ń bọ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n tíìkì Zinsu ń jẹ ju ohun tó ń dá padà lọ. Náítírójìn lorúkọ oúnjẹ ọ̀hún, mi ò tíì rí i lọ́jà Àgbádárìgì. Ó tún ní ilẹ̀ wa kan díẹ̀, ká da eérú sí i. Mo tọ́ ọ wò, kò kan tó ògì.

Zinsu ti gbé ayùn pamọ́. Àná ló wá tọrọ irúgbìn akásíà, mo ní kó kọ́kọ́ lọ kí ìyá rẹ ní ibojì, ó sì lọ. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Jọ̀ọ́, fowó férémù ránṣẹ́, kí n gbé èsì yìí kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì wáẹ̀kì rẹ. Má bínú, ti ilẹ̀ dáa ju tìrẹ lọ. Fi owó ìdúpẹ́ kún un, mo ti forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Dámisọ́lá dá bíírò padà, ó ní ilẹ̀ kò lò ó rárá. Òun ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Níbi tí wọn kò bá ti fún ìwọ náà ní bíírò, wàá yege. Àmín.

Bàbá rẹ,
Olúbọ̀dé