Àdúrà Ìfọ̀kànbalẹ̀ Tí Mo Gbà Padà Lọ́wọ́ Ọlọ́run

Ọkọ mi,

Ọmọ mi, àbúrò rẹ obìnrin ti bímọ, ọkùnrin ni, ó tóbi, igbe rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ wa bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ síhìn-ín. Káfíńtà ẹ̀yìnkùlé wa ti gbéyàwó, ìyàwó náà ga jù ú lọ, ó sì ti gbé àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè nítorí rẹ̀, gbogbo wa gbà pé ìfẹ́ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó ń wakọ̀ náà ti gbéyàwó. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, mo kà á mọ́ ọn nítorí pé tíṣà wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà sọ pé ẹni tó bá ń to nǹkan kò gbọ́dọ̀ fo ìkankan. Ara mi le. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni, bí o bá sì rí ibi tí mo gbàgbé àmì, bá mi fi sí i. Tíṣà ní òwe mi máa ń pọ̀ jù nínú lẹ́tà, ó ní kí n gbìyànjú ọ̀kan láìpa òwe rárá, mo sì ti ṣèlérí. Bí o bá rí i tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ tó wá dúró lójijì, òwe ni mo gbé mì níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò rèé. Lọ́jọ́ Ajé kan, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyàwó wa pè mí lórí fóònù. Ó kí mi, ó tún mi kí, títí mo fi mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́yìn ìkíni náà. Ó wá ní kí n má bínú, ó ní o ní kí òun má sọ fún mi, ṣùgbọ́n dókítà ti yẹ̀ ọ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru, ọkàn rẹ sì ń ṣe wàhálà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní dókítà fún ọ ní oògùn, ó ní kí o máa rìn, kí o dín iyọ̀ àti ọ̀rá kù, kí o sì ra aago ọwọ́ kan tó ń ka ìṣísẹ̀. Ó ní o ra aago náà lóòótọ́. Mo ní ó káre. Ó ní èmi ni o fi í ta lọ́rẹ.

Ọkọ mi, mo wo ọwọ́ mi. Aago náà wà níbẹ̀, ó ń tàn. Mo sì ti fi í ṣe fáàrí káàkiri àdúgbò.

O mọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Télọ̀ ni bàbá rẹ, ìdí ẹ̀rọ ló máa ń wà látàárọ̀, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá a máa kí i pé ẹ kú ìjókòó. Orí àga yẹn ló ti fọwọ́ di àyà mú, tí sòkòtò oníbàárà wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ kan ti parí, ẹsẹ̀ kejì kò tíì. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni nígbà tó fi wá sílẹ̀. Ìwọ náà yóò pé e lọ́dún yìí. Orí àga ni ìwọ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Mo gbéra, mo lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn wa, èmi àti Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ mi tí kì í jẹ́ kí n dá lọ síbi tí ọ̀rọ̀ bá wà. Wọ́n lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri níbẹ̀: ọkàn pupa, ó lójú, ó lọ́wọ́, ó lẹ́sẹ̀ méjì, ó wọ bàtà funfun, ó ń sáré, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu yà mí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, mi ò mọ̀ pé ọkàn lẹ́sẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá ti gbogbo ènìyàn ló rí bẹ́ẹ̀ àbí ti àwọn tó kàwé nìkan. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní àwòrán lásán ni. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé wọn kì í lẹ irọ́ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn.

Ó wá mú rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà, ó fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé mi láyà, ó sì ki ẹnu rẹ̀ méjèèjì bọ̀ mí létí. Ọkọ mi, mo gbọ́ ọ. Gbì-gbì, gbì-gbì, bí ẹni ń gún nǹkan nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n tó bí mi ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sinmi rí, kódà bí mo bá sùn. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mò ń rọbí rẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, nígbà tí èmi rò pé gbogbo nǹkan ti dúró. Kò sẹ́ni tó kí i rí. Omi bọ́ lójú mi, mo tẹ orí ba, mo ní, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì rò pé òun ni, ó ní, ẹ ṣé, Màmá. Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ fún un pé kó má dáhùn, àyà ara mi ni mò ń kí.

Nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé. Ó ní ẹran ara ni ọkàn, bí apá àgbẹ̀ ló rí, bí a bá ń mú un ṣiṣẹ́ yóò le, bí a bá fi í sílẹ̀ yóò rọ̀. Ó ní ìjókòó ń pa á lára. Ó ní kí ènìyàn máa rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kó rìn débi pé yóò ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àwọn lẹ́tà mi. Kí ni mo ti ń kọ sí ọ láti ọdún méje tí mo ti mọ̀wé? Àdúrà wo ni mo fi ń parí gbogbo lẹ́tà? Pé kí Ọlọ́run fi ọkàn rẹ balẹ̀. Kó balẹ̀ nílé, kó balẹ̀ níbi iṣẹ́, kó balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ọkọ mi, Ọlọ́run gbọ́! Ó fi í balẹ̀! O jókòó sí ọ́fíìsì, ọkàn rẹ náà jókòó tì ọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kò tíì yára dá mi lóhùn tó báyìí rí, èyí tí kò yẹ kó gbọ́ ló sì gbọ́.

Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ìfọ̀kànbalẹ̀ dára fún ọkàn, àníyàn ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Mo ní kó ṣàlàyé bí nǹkan ṣe lè balẹ̀ kó tún máa ṣiṣẹ́. Ó ronú, ó ní kí n jọ̀ọ́, àwọn ènìyàn ń dúró lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe délé, mo kúnlẹ̀, mo gba àdúrà náà padà. Mo ní kí Ọlọ́run má bínú, mi ò mọ ohun tí mo ń tọrọ.

Ní ti oúnjẹ, mo ti gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Orí kọ́bọ́ọ̀dù tó ga jù ni mo gbé e sí, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ kọ́kọ́ gun àga, kó na apá, kó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn náà ń mú ọkàn ṣiṣẹ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọbẹ̀ mi dà bí omi òjò, ó ní bí àìsàn kò bá pa wá, oúnjẹ mi yóò pa wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní àṣé tòmátò ní adùn tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun rí. Ẹja tí mo máa ń dín tẹ́lẹ̀, sísè ni mò ń sè é. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló pọ̀ jù nínú ìkòkò mi, èso ni mo sì fi rọ́pò bísíkíìtì. Ọ̀rá ara ẹran, mò ń gé e fún ajá. Ajá ti wá ń sanra báyìí, mo ti ń mú òun náà rìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ aago. Ìwọ lo rà á, orúkọ rẹ ló sì wà nínú rẹ̀. Mo rí i nígbà tó tàn, mo kà á fúnra mi. Mo wá rò ó pé gbogbo ìṣísẹ̀ tí mo bá rìn pẹ̀lú rẹ̀, tìrẹ ló yẹ kó jẹ́. Bí owó bá lè kúrò nínú fóònù kan bọ́ sínú òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e, kí ló dé tí ìṣísẹ̀, tó ti mọ ìrìn tẹ́lẹ̀, kò ní lè lọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fún ọ. Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi ẹ̀rọ omi, láti ibẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́, kí a tó padà. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń ráhùn pé òun kọ́ lòun bí ọ, kí ló kan òun, ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Aago náà ń kà á. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, nọ́ńbà á gòkè. Ta ló jókòó sínú ibẹ̀ tí kì í ṣì í kà? Láràárọ̀ ó máa ń padà sí òdo, nítorí náà mo ń kọ ti àná sínú ìwé mi, mo sì ń rò wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ ó pé ọ̀kẹ́ méjì. Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lójú.

Mo mú ìwé àti aago lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wa fi owó ránṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi àga kan lọ. Mo ní kó bá mi fi ọ̀kẹ́ méjì ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Ó ní kí n mú owó wá. Mo ní kì í ṣe owó, ìṣísẹ̀ ni. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ìyàwó òun tí kì í kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kó kọ́kọ́ tọrọ fún ikùn ara rẹ̀, ikùn tó ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tó ṣe ọmọ mi, mo sì sọ fún un. Ó wo aago náà, ó ní, Màmá, gbogbo nǹkan yòókù ni mo lè bá yín fi ránṣẹ́. Ó ní bó bá ṣeé ṣe ni, ìyá òun ì bá ti rìn fún òun, òun kì bá tí máa jókòó síbí látàárọ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó bá wa rìn dé orí títì kó tó padà.

Nítorí náà mo gbà. Mo rìn fún ọ nígbà tí o wà nínú mi, mo rìn fún ọ nígbà tí o wà lẹ́yìn mi. Èyí tó kù yìí kọjá agbára mi, ọkọ mi, mo sì ti gbìyànjú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ yóò gbé aago náà bọ̀ fún ọ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Má tún fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Máa lo oògùn rẹ, má dá a dúró nítorí pé ara yá. Má fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni kí o kọ́kọ́ máa ṣe, bí àyà bá sì dùn ọ́, dúró, lọ bá dókítà kíá, kí o sì pè mí, kì í ṣe kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó wa.

Àdúrà tuntun tí mo ń gbà rèé. Kí ọkàn rẹ dìde. Kó rìn, kó ṣiṣẹ́, kó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kó wá balẹ̀. Kí àwọn tó bá rí ọ láàárọ̀ máa kí ọ pé ẹ kú ìrìn. Kí o kọjá ọjọ́ orí bàbá rẹ, kí o sì kọjá tèmi náà.

Mo mọ̀ pé ìparí lẹ́tà ni mo máa ń béèrè owó, o sì ti ń wò ó kiri. Kò sí lónìí. Ọkàn tó wà lára ògiri yẹn wọ bàtà, mi ò sì rí ẹni tó lè fi bàtà ọ́fíìsì sáré. Mo ti ta òbúkọ wa. Ra funfun. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ti fi owó náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní èyí lòun lè ṣe.

Èmi ni, ìyá rẹ. Owó bàtà: ẹgbẹ̀rún méjìlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.