Ta Ni Fadékẹ́ Inú Àwo?

Ilé Ọdúntán,
Òkè-Ìrókò, lọ́nà Iléṣà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 1975.

Jùmọ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo sì tún ọ kí. Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá yín tó máa ń jágbe mọ́ yín ti rọ̀ díẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí a kò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́ pé omi kò tán lẹ́yìn ẹja. Òjò ń rọ̀, àgbàdo ti yọmọ, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ojú ọ̀kan nínú wọn sì jọ ti Silas olórí akọrin wa, ṣùgbọ́n má sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà láàyè, àfi pé ebi ń pa mí. Má fòyà, kì í ṣe pé oúnjẹ kò sí nílé, n óò ṣàlàyé.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ pé àwo orin wo ni à ń gbọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, o ní bí ẹ bá ti jókòó oúnjẹ ọ̀sán ní ọ́fíìsì, ohun tí ẹ máa ń bi ara yín nìyẹn. Ọmọ mi, ohun tí ẹ ń ṣe l'Ékòó ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Láti ìgbà tí o ti fi owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù yín ra giramafóònù oníbátìrì yẹn ránṣẹ́ sí wa, àwa tí a ní giramafóònù lábúlé yìí ti di ẹgbẹ́, bí a bá sì ti jẹun alẹ́ tán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni ìpàdé. A kì í béèrè àlàáfíà ara wa mọ́. Ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni pé kí lo ń gbọ́ lọ́wọ́ báyìí.

Silas ní orin ìsìn tí àwọn òyìnbó kọ pẹ̀lú dùùrù lòun ń gbọ́, ó máa ń ṣí fìlà kó tó gbé e sí i, bí wọ́n bá sì dé Àmín, ó ń dìde dúró fún giramafóònù. Sàláúdéènì, èyí tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè l'Óṣogbo tó wá ń gbé ìlú ìyàwó rẹ̀, àpàlà ni tirẹ̀. Ó ní àwo tí kò bá mú èèyàn rántí ikú kì í ṣe àwo. Ojú kan péré ló sì ń gbọ́ nínú àwo náà láti oṣù kìíní, ó ní òun ń tọ́jú ojú kejì de Iléyá.

Tèmi wá ni èyí tí o fi ránṣẹ́ nígbà Àjíǹde, orin jùjú tí ọkùnrin kan wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgbà sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀. A gbọ́ ojú kìíní, ó dára. A yí i padà. A ń gbọ́ ọ lọ jẹ́ẹ́jẹ́, àfi bí olórin yẹn ṣe la ẹnu tó ní Ọdúntán òṣómàáló, ọmọ Ọbòkun, onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Súrùlérè, ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì! Jùmọ̀kẹ́, mo dìde. Ta ló tún wà láyé tó ń jẹ́ Ọdúntán, tó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, tó fi ẹsẹ̀ rìn kiri láti Ìkàrẹ́ títí dé Kàbbà tó ń ta aṣọ àwìn? Mo yọ náírà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ olórin náà níbi tí mo rò pé iwájú orí rẹ̀ wà, owó náà bọ́ sórí àwo, ohùn ọkùnrin náà sì falẹ̀ bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Sàláúdéènì ní ayọ̀ owó ló mú un lọ́fun.

Mo mọ̀ pé ìwọ lo lọ bá olórin náà tí o ní kó kì mí. O ṣeun, wàá rí ọmọ tí yóò ṣe é fún ọ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fẹ́ yẹ́ baba rẹ̀ sí, a máa ń sọ fún baba ṣáájú kó lè dé fìlà. Ní ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí o kọ́ ní orúkọ mi ní Súrùlérè, inú mi dùn, ṣùgbọ́n kí ló dé tí o fi ń kọ̀wé sí wa pé owó ilé ń fún ọ lọ́rùn? Ní ti ọkọ̀ méjì, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní, mo wá fi ọmọlanke ìyá rẹ kún un kí olórin má baà di onírọ́. Silas ní bóyá Ọdúntán mìíràn wà l'Ékòó. Mo bi í pé bí wọ́n bá ń kọrin Jésù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ó máa ń béèrè pé Jésù wo ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé olórin náà kò mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí. Lẹ́yìn ọkọ̀ méjì, ó ní Ọdúntán ọkọ Fadékẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, ayọ̀ kò jẹ́ ká gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ jáde láti ilé ìdáná tòun ti omorogùn lọ́wọ́, ó béèrè pé ta ni Fadékẹ́. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní olórin tó wà l'Ékòó mọ̀ ọ́n. Ó wá rán mi létí ọdún kan tí mo pẹ́ sí Kàbbà títí òjò fi dá, tí mo délé tí mo ní odò ló kún, ó ní òun ti wá mọ ẹni tó ń gbé etí odò náà. Jùmọ̀kẹ́, odò kún lóòótọ́!

Láti ọjọ́ náà, ó ń gúnyán, n kò sì rí i jẹ. O mọ̀ pé kò sí ìyà tó ju kí Ìjẹ̀ṣà máa gbọ́ ìró odó kí iyán má sì dé iwájú rẹ̀. Nígbà tí Silas bi mí pé kí ni mò ń gbọ́ lọ́wọ́ báyìí, mo ní odó Phebe ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín tán. Àwọn obìnrin bi ìyá rẹ lọ́jà pé ṣé ìyáálé rẹ̀ ni Fadékẹ́ ni àbí ìyàwó rẹ̀, ó délé, ó sunkún, mo rí i, ó sì dùn mí gan-an. Nítorí náà, jọ̀wọ́, lọ bá àwọn tó ń ṣe àwo náà, kí wọ́n bẹ olórin kó yọ Fadékẹ́ kúrò kó fi Phebe sí i. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, Phebe kò gùn tó Fadékẹ́. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ rí àwo náà, n óò fi aṣọ wé e, n óò fi rán awakọ̀ tó máa ń gbé lẹ́tà wa wá sí Èkó.

Ibí yìí ni mo kọ ọ́ dé tí awakọ̀ fi lọ láìdúró dè mí. Ó ti di ọ̀sẹ̀ kan báyìí, ó sì dára bó ṣe lọ.

Sàláúdéènì ló gbà mí nímọ̀ràn pé ọ̀rọ̀ yìí kò le, kí n sọ fún ìyàwó mi pé kì í ṣe èmi ni olórin ń kì. Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tí olórin kò dárúkọ rẹ̀ rí. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti kọ ọjà fún mi, kò sí ẹni tó pè mí ní òṣómàáló mọ́, Bàbá Jùmọ̀kẹ́ ni mò ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí àwo yìí, àwọn tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́ ti ń dúró kí mi, Lọ́jà, baálẹ̀ wa pàápàá, fi obì ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n fi ẹnu ara mi dá gbogbo rẹ̀ nù? Mo rò ó títí. Mo wá ro ẹkún tí ìyá rẹ sun. Mo dìde, mo wọ ilé ìdáná, mo ní Phebe, ó jọ pé kì í ṣe èmi, ó jọ pé Ọdúntán kan wà níbì kan tó ní ọkọ̀ méjì àti Fadékẹ́, kẹ̀kẹ́ kan àti ìwọ ni èmi ní. Ẹnu mi wúwo bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìyá rẹ kò gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó. Ó béèrè pé ta ló sọ fún mi pé kì í ṣe èmi. Ó ní ṣé n kò ta aṣọ ni, àbí n kì í ṣe ọmọ Ọbòkun, ó ní nínú gbogbo òṣómàáló tí òun mọ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè tó mi. Ó ní olórin náà ṣe dáadáa, ìparí ló ti ṣìnà. Mo jẹ iyán lọ́jọ́ náà, gbígbóná.

N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo lọ sóko, ó gbé àwo náà sí i fúnra rẹ̀, ó ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ títí ó fi rí ibi tí Fadékẹ́ ń gbé, ó sì fi ìṣó họ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ dé, ẹgbẹ́ pé, mo gbé orin mi sí i. Ó kì mí, ó kì mí, ó dé Ọdúntán ọkọ, ó há. Ọdúntán ọkọ. Ọdúntán ọkọ. Silas na ọwọ́ kó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ohùn kan sì ta láti ilé ìdáná pé Phebe! Àwo tún ní Ọdúntán ọkọ, ìyá rẹ tún ní Phebe! Kò pẹ́ tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń gbè é, Silas ti ń pín ohùn fún wọn, Sàláúdéènì ń rẹ́rìn-ín tomijé tomijé. Mo wo ìyá rẹ, ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ lé ìbàdí bó ṣe ṣe lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i n'Íléṣà. Inú mi dùn, ọmọ mi, n kò lè purọ́.

Nítorí náà, má lọ bá àwọn aláwo mọ́. Bí àwọn ará ọ́fíìsì yín bá béèrè ohun tí à ń gbọ́ nílé, sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Bí o bá sì pàdé onílé Súrùlérè yẹn, bá mi kí i, kó tọ́jú Fadékẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún báyìí ni owó bátìrì, kí o fi owó ẹran lé e, nítorí àwọn agberin wa ń jẹun. Àwo náà kì í kúrò níbi tó há sí bí ẹnì kan kò bá gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sókè, kò sì sí ẹni tó láyà bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà fún ọ, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àwa òbí rẹ yóò jẹun ọmọ pẹ́. Yóò fún ọ ní ọkọ tí orúkọ rẹ yóò máa tẹ̀ lé tirẹ̀ níbi gbogbo, láìjẹ́ pé o wá ìṣó kiri. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọdúntán, ọkọ Phebe.