Ìlà Orúkọ Lára Ìwé Yín

Bàbá mi àtàtà,

Orí bẹ́ǹṣì yín nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yín ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ni mo jókòó sí bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Sùnmọ́nù, ọmọṣẹ́ yín tó ti di baba onírùngbọ̀n funfun báyìí, ló ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ṣì ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má bínú.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí ò ṣojú yín, ẹ ti lọ sọ́run kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni mò ń lọ bá, mo máa ń sọ fún wọn pé àdúgbò tó sọ wọ́n di olówó lẹ́tọ̀ọ́ sí oore wọn. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, Bàbá, kì í ṣe fáárí. Omi tí wọ́n ń pọn ní Pedro báyìí, ẹnu mi ló fà á wá.

Àmọ́ mo ṣe àṣìṣe kan tí kò yẹ ọmọ Bajulaiye. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan gbà láti fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Fola Agoro ní ìwé nóòtù. Mo jẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ wọn gàdàgbà sí èèpo rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ọ̀gá wọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ Ṣómólú. Ohun ọ̀fẹ́ tí àwòrán bá ti wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbò ni. Àwọn ìyá ń ya èèpo rẹ̀ dànù kí ọmọ wọn tó gbé e wọlé, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ gbà á. Ìyá oníbúrẹ́dì tó mọ̀ mí láti kékeré wò mí títí. “Ọmọ Bàbá Atẹ̀wé, ṣé kánsílọ̀ lo fẹ́ ṣe ni?” Ojú tì mí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi ọmọ onílé gan-an ni mi ò wolé.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìwé yín. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ máa ń ṣa etí bébà tí ẹ gé kúrò lára iṣẹ́ oníbàárà, ẹ ó fi abẹ́rẹ́ àti okùn rán an di ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó kó o lọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Orúkọ yín kì í sí níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo lẹ máa ń fà sí iwájú rẹ̀. Mo kórìíra ìwé náà, torí pé ajẹkù lẹ fi ń ṣoore lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo fi tèmi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò kọ nǹkan kan sí i rí. Ṣé ẹ mọ̀? Àbí ẹ rí i, ẹ kàn dákẹ́ ni? Ó ń dùn mí títí dòní.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ọlọ́ṣẹ, mo ní ẹ̀bi mi ni, kí a tún ìwé náà tẹ̀ láìsí orúkọ wọn. Ó bi mí pé kí wá lèrè wọn níbẹ̀, ó ní bí orúkọ àwọn bá kúrò, àdéhùn wa parí. Iṣẹ́ tó tóbi jù lọ́wọ́ mi nìyẹn, àwọn mẹ́rin tí mo gbà síṣẹ́ ń jẹun níbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò yẹ̀. Mo mú un wá síbí, mo gbé ìwé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn lé e lọ́wọ́. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n máa ń kọ sórí ìlà náà.

“Orúkọ ọmọ tó ni ín ni, ọ̀gá.”

Ó dá ìwé náà padà fún mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí Sùnmọ́nù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó fi ìlà kan rọ́pò orúkọ àwọn.

Àná la pín wọn. Kò sí ìyá tó ya èèpo kankan. Àwọn ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń kọ orúkọ wọn, àwọn kan ń yọ ahọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo yá bírò lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo mú ìwé yín jáde nínú báàgì mi, mo sì kọ orúkọ mi sórí ìlà tí ẹ fà sílẹ̀ fún mi.

Ẹ ṣeun, Bàbá mi.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ yín.