Ìparí Ìwé Ogun Mi Ti Di Èéfín Ìbọn

Irọ́ ni mo pa, ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, mo kúkú gbà… ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó tì mí débẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, n kò mọ èyí tó ju èkejì lọ.

Tíṣà ni mí ní ìlú kan lẹ́bàá Ìkẹ́nnẹ́. Mo kàwé gboyè ní Sàró. Ohun tí àwọn ará ìjọ wa kò mọ̀ ni pé n kò fẹ́ràn oúnjẹ tó ìwé ìtàn ogun: ìwé òyìnbó tí ogun ti ń lé ogun, tí ẹṣin ń sáré, tí ọkọ̀ ń jó lójú òkun, tí o kò ní lè gbé e sílẹ̀ títí ọbẹ̀ yóò fi jóná lórí iná. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ni olórí àwọn tó ń fìbọn ṣọ́ bodè ìlú. Bí ilé-ìwé bá ti ṣíwọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbà lọ, mo sì ń sọ ìwé náà di èdè wa fún wọn. Wọn a máa pariwo, "Gbá a mú! Má jẹ́ kó lọ!" àfi bí ẹni pé ọ̀gágun inú ìwé ń gbọ́. Adùn rẹ̀ kò ṣeé sọ.

Ó ku díẹ̀ kí a parí rẹ̀. Ọ̀gágun wà lẹ́yìn odi ọ̀tá, ẹ̀tù ti tán lọ́wọ́ rẹ̀… ibẹ̀ la dé tí mo gbàgbé ìwé sọ́dọ̀ wọn. Kí ni mo padà bá? Wọ́n ti fa ìparí rẹ̀ ya, wọ́n fi dí ẹ̀tù mọ́ inú ìbọn! Wọn kò ya ìbẹ̀rẹ̀ tí a ti kà tán o. Ìparí! Wọn kò tilẹ̀ yìn ín sí ọ̀tá, òkú bàbá arúgbó kan ni wọ́n fi yẹ́ sí. Mo bínú, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tíṣà, ṣebí ìwé ogun ni? Inú ìbọn náà ló kúkú yẹ ẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá jókòó, wọ́n ní kí n ka ìparí fún àwọn; wọn kò mọ̀wé, wọ́n rò pé ó ṣì wà nínú èyí tó ṣẹ́ kù. Ìparí wo? Èyí tó ti di èéfín?

Ìbínú ni mo fi ṣí ìwé náà, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ya kọjú sí ara mi, mo sì hùmọ̀ ọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀gágun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó ìbọn sílẹ̀, wọ́n ru ẹrù bí aláàárù, idà wà lábẹ́ ọjà, wọ́n gba ẹnu bodè ọ̀tá wọlé lọ́sàn-án gangan, wọ́n gba ìlú, ẹnì kan ṣoṣo kò sì kú. Wọn kò pariwo lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kàn bi mí bóyá ìwé ló wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, pé ẹnì kankan kò kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará, agbọ̀n obì ni wọ́n ń hun nísinsìnyí! Àgọ́ àwọn ọ̀tá tó dí ọ̀nà Ìkòròdú mọ́ wa ni wọ́n fẹ́ rù ú wọ̀, láìmú ìbọn kan dání. Òjò ni wọ́n ń dúró dè kó dá. Mo gbìyànjú o. Mo ní ìtàn lásán ni, pé ẹnì kan ló jókòó tó rò ó látinú ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀: "Ta ni yóò jókòó kọ irọ́ tó gùn tó báyìí?" Ṣé kí n wá jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pa ti ìparí? Ìwé Mímọ́ tí mò ń kà fún ìyá wa ńkọ́, ta ni yóò tún gbà á gbọ́ lẹ́nu mi? Bí mo bá sì dákẹ́… ẹ̀gbọ́n mi ni yóò ru agbọ̀n tó ṣáájú.

Kí ni kí n ṣe? Ẹni tó bá ní ìwé náà ní Èkó, èyí tí ọ̀gágun olójú kan wà nínú rẹ̀, ẹ dákun, ẹ bá mi wo ìparí. Bí ọ̀gágun bá kú níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí gàdàgbà, kí akọ̀wé mìíràn bá mi kà á sí ẹ̀gbọ́n mi létí, nítorí bébà ló gbà gbọ́, kì í ṣe ẹnu mi. Bí kò bá sì kú… ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ẹ lè bá mi pa á?