Ìyá Àgbà Ti Dé Etí Omi

Tamarack Bay,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Méè.

Marit ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ kí ọ o. Mo nírètí pé ara rẹ le ní Chicago, pé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, àti pé Peder àfẹ́sọ́nà rẹ wà ní àlàáfíà. Ara tèmi le, ojú ló ń tì mí. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu mi kí àwọn ará ìlú tó fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé adágún ti ń jẹ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa. Èmi alága ìgbìmọ̀ etí omi ni mo ń pariwo pé kí ìlú to òkúta ńláńlá síbẹ̀ kí ìgbì má baà gbé ọ̀nà lọ. Ọ̀nà ni mo fi bojú, ilé wa ni mo ń rò. Òkúta tí a rà kò tó, ìjì sì ń bọ̀. Ni mo bá ní kí Dewey, awakọ̀ típà tó wá láti òkèèrè, lọ sórí òkè lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, kó kó òkúta tó bá rí níbẹ̀.

Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé màmá yẹn ò ní bá mi jà?" Mo fi àwàdà wa dá a lóhùn, èyí tí a máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ já èso lórí òkè yẹn: "Ìyá Àgbà kì í bínú." Mo gbàgbé pé àlejò ni. Kò mọ̀ pé òkúta ni Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀, òkúta tí gbogbo ìyàwó ìlú yìí ń gbọ́wọ́ lé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Arúgbó kan tó ni ilẹ̀ ló rò pé mò ń sọ. Ìgbà tó rí i pé òkúta náà tóbi ju típà rẹ̀ lọ, ó fi katapílà fọ́ ọ sí mẹ́ta, ó sì kó o wá tò sétí omi lẹ́yìn ilé wa.

Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń yìn ín. Mo tilẹ̀ gbé kọfí jáde fún un. Mo ní, "Òkúta gidi nìyí, Dewey. Níbo lo ti rí i?" Ó ní, "Lọ́dọ̀ màmá yín náà ni. Màmá yẹn lawọ́ o." Ìgbà yẹn ni mo rí ọ̀dà pupa tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń fi kun Ìyá Àgbà.

Ìjì jà, òkúta kò mì, ilé wa wà lódindi. Níbi ẹja díndín tí ìlú máa ń jọ jẹ lọ́jọ́ Ẹtì ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó bú mi. Verna tó ń ta kọfí bu ẹja fún mi, ó ní, "Ọ̀gá Orrin, ẹ bá wa kí Ìyá Àgbà o. Ẹ sọ fún un pé ilé tuntun yẹ ẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú sì gbà mí tì.

Ìpàdé ìlú ló wá burú jù. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí a yọ àwọn òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a kó wọn padà sókè kí ìgbéyàwó rẹ tó dé, nawọ́. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ṣàlàyé pé òkúta mìíràn kò ní dé títí di ọdún tó ń bọ̀, àti pé ilé wa kò ní dúró dè é. Gbogbo ènìyàn nawọ́. Èmi bàbá ìyàwó, tí èmi àti ìyá rẹ jọ gbọ́wọ́ lé Ìyá Àgbà nígbà tiwa, mo fi ọwọ́ sápò. Wọ́n ní àwọn ò ní ba ilé mi jẹ́ láìjẹ́ pé mo gbà, wọ́n sì sún ìpinnu náà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Inú rere yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ọlọ́run yóò fi ayọ̀ kún ilé tí ìwọ àti Peder ń lọ kọ́. Omi kò ní gbé ohun tó jẹ́ tìrẹ lọ. Ẹni tí yóò fi ọwọ́ rẹ lé ọkọ lọ́wọ́ kò ní dójú tì ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Orrin Lindquist.

Àfikún: Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Àwo ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ dì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá nawọ́. Bí o bá pè mí ṣáájú ìgbà náà, jọ̀wọ́, má sọ fún mi pé kí n má ṣe é, nítorí mo lè gbọ́ tìrẹ.