Ìfun Eku Tí Mo Béèrè

Atakpamé,
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, ọdún 1934.

Ẹ̀gbọ́n mi Fájọbí,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ilé. Mo mọ̀ pé ara yín kò lè fi bẹ́ẹ̀ yá láti ìgbà tí Ọ̀ṣuntókí ọmọ yín ti lọ. Síbẹ̀, mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Dorothée ìyàwó olùkọ́, ìwọ tó ń kà á fún wọn, jọ̀wọ́, má fo ibì kankan.

Apẹ̀rẹ̀ eku tí ẹ fi rán Gérard awakọ̀ dé lánàá. Eku méjìdínlógún. Mo gbé e tẹ̀rín-tẹ̀rín síwájú dókítà òyìnbó tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ó sì ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti la inú gbogbo wọn, ẹ ti kó ìfun dànù! Ẹ ti wi wọ́n, ẹ ti fi igi gún wọn, ẹ ti yan wọ́n, ẹ tún fi iyọ̀ àti ata ra wọ́n. Dókítà wò mí títí, ó ní, "Laurent, ṣé mo sọ fún ọ pé ebi ń pa mí?" Jacques tó ń dáná fún un rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun náà ló jẹ wọ́n.

Ìfun yẹn gan-an ni à ń wá. Dókítà ní dígí kan tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó ní kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, inú ìfun ló ń gbé, òun ló sì máa ń fa ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá eku oko ló ń gbé e wọ inú àká àgbàdo yín. Ìgbẹ́ yẹn ló pa Ọ̀ṣuntókí, ẹ sì ránṣẹ́ pé ó ti mú Igbẹ́kọ̀yí àbúrò rẹ̀ láti ìjẹta. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún yín nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé ni dókítà ń lọ sí Notsé, kò sì ní í padà kí ọdún yìí tó parí.

Èmi fúnra mi pa asín kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi. Julienne ìyàwó mi ní kí n lọ sùn síta. Dókítà rí ohun tó ń rìn nínú ìfun rẹ̀, àmọ́ ó ní asín Atakpamé kò lè sọ ohun tó wà nínú eku Glei lọ́dọ̀ yín fún òun. Ó sú mi.

Tí n bá máa sọ òótọ́, ara mi ni mo ń bínú sí. Nígbà tí mo ránṣẹ́ sí yín, "eku tó dára" ni mo ní. Ojú tì mí láti sọ pé ìfun ni òyìnbó fẹ́. Ta ló máa gbé eku tí a kò là fún àlejò nílé wa? Màmá ló jókòó ti iná yan wọ́n, mo mọ ọwọ́ rẹ̀ nínú iyọ̀ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ pàkúté yí àká ká. Láàyè ni kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́, àti asín pẹ̀lú, bó ti wù kó rùn tó. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọ̀bẹ.

Kí Ọlọ́run tí mo ń sìn àti èyí tí ẹ̀yin ń bọ pawọ́ pọ̀ ṣọ́ ilé yín. Ẹ ò ní í sin ọmọ mọ́.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi èjìká gbé lọ sílé ìwé,
Laurent.

Àfikún: Mo ti lẹ àpòòwé kí n tó tún ṣí i. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, eku, eku, eku ló kún ibẹ̀. Mi ò tiẹ̀ sọ pé kí ẹ gbé ọmọ náà wá. Ẹ fi eku sílẹ̀. Bí Dorothée bá ti ka èyí tán, ẹ gbé Igbẹ́kọ̀yí wọ ọkọ̀ Gérard.